Ètè Gbígbẹ

"Gbígbẹ ló dè é, ọ̀gá. Àbúrò mi ò fi epo pa ètè rẹ̀ kó tó dè é mọ́ pọ́ńpù."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń bá máníjà sọ̀rọ̀ báyìí, èmi opó sì jókòó tì í nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ọkọ mi tí epo gbígbóná tú bò nídìí ẹ̀rọ, tó bó o pa, ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Síìlì ni wọ́n ń sọ, róbà roboto tó ń di ọ̀pá pọ́ńpù mú bó ṣe ń yí, kí epo má bàa tú jáde. Etí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kan ọ̀pá ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ètè. Bí epo díẹ̀ ò bá sí lára ètè yẹn, á gbóná, á jó, á ya. Ṣé ọkọ mi ni ò mọ ìyẹn? Ọkọ mi tó jẹ́ pé bó bá ń fi òróró pa ètè àwọn ọmọ láàárọ̀, á ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí síìlì yín má ya!"

Bùrọ̀dá yìí náà ló ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ń fi kẹrosíìnì fọ síìlì àlòkù, á dì í sínú ọ̀rá, á pè é ní tuntun. Ọkọ mi ráhùn títí, àmọ́ "ẹ̀gbọ́n mi ni" ló máa ń fi parí ẹ̀.

Mo la ẹnu. "Bùrọ̀dá, síìlì tẹ́ ẹ̀ ń fọ̀..."

"Ìyàwó!" Ó rẹ́rìn-ín sí máníjà. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilé ta lò ń gbé?"

Ilé ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ mi ò níbòmíì tí wọ́n máa sùn.

Bí owó ìtùnú tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ san fún wa ṣe wọmi nìyẹn. Máníjà ní kí ẹbí ṣáà mú ẹnì kan wá fún iṣẹ́. Mo rò pé èmi ni, bó jẹ́ ilẹ̀ ni màá gbá. Bùrọ̀dá mú ọmọ ẹ̀ wá, Akọ̀wé. Èmi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí ọkọ ló jẹ́ fún mi nílé yẹn, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹ̀. Bàbá ẹ̀ rò pé ọ́fíìsì ni wọ́n máa fi í sí.

"Ibi tí bàbá kékeré rẹ̀ ti ṣíwọ́ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀," ni máníjà wí. "Ṣebí síìlì tẹ́ ẹ rà dára?"

Bùrọ̀dá wo ọmọ ẹ̀. "Ó dára, ọ̀gá."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Akọ̀wé máa bẹ̀rẹ̀, bàbá ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí yàrá mi. Bùrọ̀dá! Fún èmi!

"Mo ní kó má lọ, ó bi mí pé kí ló dé, ojú tì mí láti sọ fún un, ó sì ti lọ. Àlòkù ni wọ́n tún dè mọ́ pọ́ńpù yẹn. Jọ̀ọ́, lọ sọ fún máníjà. Bó bá pè mí, màá jẹ́wọ́."

Ó ń ṣe mí bíi kí n ní alátiṣe ní í mọ àtiṣe ara rẹ̀. Àmọ́ Akọ̀wé ló bá mi sin ọkọ mi, tó sunkún bí ọmọdé. Mo he síìlì kan lẹ́yìnkùlé, mo sì lọ.

Máníjà yí i wò. Lóòótọ́, ètè ẹ̀ ti jẹ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Ó ránṣẹ́ pe Bùrọ̀dá.

"Ìyàwó yín ní àlòkù lẹ̀ ń kó fún wa. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ló máa bá wa yanjú ẹ̀. Òótọ́ ni?"

Bùrọ̀dá wò mí. Ó wo síìlì. Ètè Bùrọ̀dá fúnra ẹ̀ gbẹ, ó ti ya láàárín.

"Irọ́ ni, ọ̀gá. Ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Ojúlówó ni gbogbo ẹ̀."

Lẹ́yìn ògiri, pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Akọ̀wé ti tan án.