Àlẹ̀mọ́ Tí Abọ́ Kò Gbà

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìmọ̀ tí kò délẹ̀, kó wá wo Mo-mọ̀-ọ́n-tán, àna ọ̀gá, bó ṣe dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ilé àkójọ àwòrán láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń fi bírò tọ́ka sí ara ògiri bí ẹni pé òun ló mọ ọ́n. Ìyá Àwòrán jókòó lápá ọ̀tún, ó ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Ọdún mẹ́ta ni obìnrin yìí ti fi ń so àlẹ̀mọ́, tó ń sọ ẹni tó wà nínú àwòrán àti ọdún tí wọ́n yà á, mọ́ fáìlì àwọn àwòrán àtijọ́. Àlẹ̀mọ́ wọ̀nyí kò sí nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fáìlì ni wọ́n wà. Ojú lásán kò lè rí wọn, àfi kéèyàn kọ ètò tí yóò ní kí kọ̀ǹpútà to orúkọ wọn jáde. Bí ogún èèyàn bá wà nínú àwòrán kan, ogún àlẹ̀mọ́ ni Ìyá Àwòrán máa so mọ́ ọn, tó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló máa fi wádìí wọn. Akọ̀wé kejì, ọmọbìnrin kan, ní tirẹ̀ máa ń so ọdún nìkan, á sì padà sídìí fóònù rẹ̀.

Ètò tí Mo-mọ̀-ọ́n-tán kọ láti fi yẹ iṣẹ́ wọn wò wá sọ pé gbogbo àwòrán akọ̀wé kejì ló ní àlẹ̀mọ́, pé èyí tó pọ̀ jù nínú ti Ìyá Àwòrán kò ní ẹyọ kan. Ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ ti kọ ìwé ìdádúró. Orúkọ Ìyá Àwòrán ti wà lórí rẹ̀, ìfọwọ́sí ló kù.

“Ẹ̀yin ìyá wa, kọ̀ǹpútà kì í parọ́,” ni Mo-mọ̀-ọ́n-tán wí.

“Kì í parọ́. Bí ọ̀mùgọ̀ bá ṣe béèrè ló ṣe máa dá a lóhùn.”

Ìyá Àwòrán ní kó ṣí ètò náà kí òun wò ó. Kò kà á dé ìdajì tó fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó sì pòṣé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfìfo, á ní kí kọ̀ǹpútà sọ bí orúkọ àlẹ̀mọ́ náà ṣe pọ̀ tó, kó tó gbé abọ́, ìyẹn àyè tó máa gbà wọ́n, wá. Mo-mọ̀-ọ́n-tán kò béèrè nǹkan kan. Abọ́ tí kò gbà ju igba lẹ́tà lọ ló gbé kalẹ̀ fún gbogbo fáìlì. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bá ti pọ̀ ju abọ́ lọ, kọ̀ǹpútà kò bu díẹ̀ síbẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní abọ́ kéré. Alákọrí yìí wá ka ìkọ̀sílẹ̀ náà sí òdo. Bí Ìyá Àwòrán ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni wọ́n ṣe ń kà á sí ọ̀lẹ.

Ìyá Àwòrán tún ìlà tó gbé abọ́ náà kalẹ̀ kọ, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àlẹ̀mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà wìtìwìtì, kò dáwọ́ dúró títí ọ̀gá fi ní ó tó. Ọ̀rọ̀ kò dùn lẹ́nu ìyá olè: Mo-mọ̀-ọ́n-tán ń kùn pé òun ì bá ti sọ igba di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kò tíì yé e síbẹ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ béèrè.

Ọ̀gá kò tọrọ àforíjì. Ó fa igi lé orúkọ Ìyá Àwòrán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti akọ̀wé kejì síbẹ̀. Ó ní wọ́n ti ń retí ìwé náà ní olú ilé-iṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ.

Ìyá Àwòrán dìde. Kò fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ìwà yìí rí i lára ju ọ̀lẹ lọ.

“Ọdún nìkan lẹ ní kó máa so, ó sì so ó,” ó wí. “Tí ìwé yẹn bá gbọ́dọ̀ lórúkọ, ẹni tó gbé abọ́ kékeré wá ló dúró níwájú yín yìí.”

Ọ̀gá wo àna rẹ̀. Ó wo ìwé náà. Ó dé bírò rẹ̀, ó sì ká ìwé ìdádúró náà sínú àpò ara rẹ̀.