Yanrìn Ológbò Àdìjátù

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ Àdìjátù, ọlọ́kà bàbà ní Ṣakí, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ológbò. Nígbà tí kókó yọ sọ́rùn ológbò tó ń lé eku ní àká rẹ̀, òun ló gbé e lọ sí Ìbàdàn. Àwọn dókítà ẹranko fi ẹ̀rọ onítànṣán jó kókó náà, wọ́n sì tún bá àtọ̀gbẹ lára ológbò. Wọ́n ní kí ó máa gún un lábẹ́rẹ́ láràárọ̀, àmọ́ bí ṣúgà ara rẹ̀ bá ti wálẹ̀, kí ó má gún un, kí abẹ́rẹ́ má baà pa á.

Àdìjátù ò ní ẹ̀rọ tí í wo ṣúgà. Yanrìn tí ológbò ń tọ̀ sí lẹ́yìn ilé ló ń wò. Bí eèrà bá ti bò ó, ṣúgà wà nínú ìtọ̀ náà, abẹ́rẹ́ yá nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, yanrìn tutù fún ìtọ̀, kò sí eèrà kan níbẹ̀. Ó fẹ́ dá oògùn padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ṣùgbọ́n ológbò ń mu omi bí ẹni tó ti oko ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ara fu ú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀ dáadáa: eérú ló yí yanrìn ká.

"Bàbá Ràsáàkì, ta ló da eérú síbí?"

Ládòkun, ọkọ rẹ̀, dáhùn láti orí ẹní ìkírun. "Èmi ni. Eèrà ti fẹ́ gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́."

Àdìjátù gbá eérú náà kúrò, ó jókòó ti yanrìn. Kò pẹ́ tí eèrà fi tò dé. Ó mú abẹ́rẹ́.

"Ojú dókítà mi," ó ní, "lẹ da eérú sí yẹn."