Bàtà Ọ̀tún

Bàbá ti tú òwú bàtà ọ̀tún dé ìdajì kí ọkàn rẹ̀ tó bá ọwọ́ rẹ̀ wí. Ọwọ́ kò gbọ́. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ gbé ojú òwú kan sókè, ó gé e, ó fà á yọ, ó kọjú sí èyí tó tẹ̀ lé e. Omi ń dún ní balùwẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wẹ̀. Bó bá wẹ̀ tán, yóò lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò mu tíì, yóò kó bàtà méjèèjì sínú páálí, yóò sì gbé wọn lọ síwájú àwọn tí yóò sọ bóyá ó ti tó jáde nílé ẹ̀kọ́ girama.

Kó tó mu tíì tán, bàbá ti fi òwú tuntun rán ibẹ̀ padà. Ó lu ihò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ti tẹ́lẹ̀, ó fi ìda dí ti tẹ́lẹ̀, ó fi àkísà nù ún, ó gbé e ti ìkejì rẹ̀. Ọmọ náà dé, ó kó wọn sínú páálí. Kò yí wọn wò. Kí ló fẹ́ yí wò? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló rán wọn.

Aránbàtà ni bàbá náà. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì kan tí ọ̀bẹ ti họ lójú, fèrèsé kan, àti pẹpẹ tí ẹsẹ̀ onígi tó fi ń mọ bàtà tò sí bí eyín. Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Mú-un-wá ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é. Bàtà kan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kó má sọ pé, "Mú un wá." Wọ́n á mú un wá. Yóò yí i sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì, yóò gbé ọ̀bẹ, yóò tú ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò rán an fúnra rẹ̀. Kì í bínú. Kì í ṣàlàyé. Kì í bèèrè ìdí tí o fi ṣe é bí o ṣe ṣe é. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí bàtà rẹ̀ kì í tú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ti yí òfin padà. Wọn kò ka iye ọdún tí ọmọ fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì mọ́, wọn kò sì fi ìdánwò ọjọ́ kan tú ọmọ sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó fi hàn pé òun mọ nǹkan. Yóò kọ̀wé tó yé ènìyàn. Yóò ṣe ìṣirò tó wúlò. Lẹ́yìn náà, yóò mú iṣẹ́ kan wá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì dúró níwájú ènìyàn mẹ́ta láti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan iṣẹ́ náà. Wọn kì í sọ fún ọmọ pé ó fìdí rẹmi. Bí kò bá jẹ́ "ó ti mọ̀ ọ́n", "kò tíì" ni.

Nígbà tí ìyá ọmọ gbọ́ òfin yìí, ó rẹ́rìn-ín. Ilé ìfọṣọ ni ìyá náà ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ sì ti kọ́ ọ láti máa sọ̀rọ̀ sókè.

"Òfin yìí dáa o," ó ní. "Ká ní wọ́n fi ń fẹ́ ọkọ ni, ǹ bá ti sọ fún bàbá yín pé kò tíì."

Ọmọ náà ti ṣe ti ìwé, ó ti ṣe ti ìṣirò. Ó ti mọ̀ wọ́n. Ti ọwọ́ ló kù. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti fi àyè sílẹ̀ dè é, àyè náà kò sì ní kọjá sáà yìí.

Ó sọ pé bàtà lòun máa ṣe, pé ẹsẹ̀ bàbá òun lòun máa wọ̀n. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá a máa gba ọ̀bẹ kúrò ní òsì rẹ̀, á fi í sí ọ̀tún. Kó tó yíjú, ọ̀bẹ á ti padà sí òsì. Ó rẹ bàbá, ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú ẹni tó ń fi òsì rán nǹkan a máa dà sí apá kejì, bí koríko tí atẹ́gùn fẹ́ lódì, kò sì mọ́ ojú bàbá náà lára títí di òní.

Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó sọ fún un: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o."

"Ó dáa."

"Ẹ má sọ pé mú un wá."

"Mo ní ó dáa."

Òótọ́ ni. Kò sọ pé mú un wá. Òun ló lọ mú un.

Òórùn ẹfun àti omi ìnulẹ̀ gba gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n to àga sẹ́yìn fún àwọn òbí. Tábìlì gígùn kan wà níwájú, ènìyàn mẹ́ta sì jókòó sí i: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tó jẹ́ obìnrin, olùkọ́ ìṣirò, àti ọkùnrin kan tí wọ́n pè láti ìgboro nítorí pé ó mọ iṣẹ́ awọ. Oníbáàgì ni ọkùnrin náà. Bàbá mọ̀ ọ́n kó tó jókòó tán. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ó ti tọrọ òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà kan. "Kò tíì," ni bàbá sọ. Ó tọrọ lẹ́ẹ̀kejì. Kò tíì. Kò tọrọ ẹ̀kẹta. Ó palẹ̀ irin iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó lọ. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, àti ẹ̀rọ, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Oníbáàgì dìde díẹ̀ lórí àga, ó tẹríba fún un láti ọ̀ọ́kán. Bàbá mi orí dá a lóhùn.

Ó kan ọmọ náà. Ó gbé bàtà òsì sókè. Ó sọ bí òun ṣe wọn ẹsẹ̀, ìdí tí òun fi gé awọ gba ibi tí òun gé e gbà, àti bí òun ṣe fi ìda pa òwú lára kí omi má baà wọlé.

"Ọwọ́ òsì ni mo fi ń rán," ó ní. "Ẹ wo bí òwú ṣe dà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á mọ̀ pé èmi ni."

Olùkọ́ ìṣirò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá ọmọ náà fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò mira.

"Jẹ́ ká rí ìkejì," ni oníbáàgì wí.

Ó gbà á. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Ó fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìda sì ré bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Wò ó dáadáa."

Ọmọ náà wò ó. Láti ibi tí bàbá jókòó sí, ọrùn ọmọ náà nìkan ló rí. Kò sí òwú tí wọ́n rán nínú ilé yẹn tí ọmọ náà kò mọ ẹni tó rán an. Ó yíjú sẹ́yìn.

"Bàbá, ta ló rán an?"

Òótọ́ dé etí ahọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Ṣùgbọ́n oníbáàgì ń wò ó láti ojú fèrèsé, bàtà lọ́wọ́, ọkùnrin tí bàbá ti sọ fún lẹ́ẹ̀mejì pé kò tíì.

"Ìwọ ni," ó ní.

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀. Ìyá ọmọ náà rọra sún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọkọ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni oníbáàgì wí. Kò gbé ohùn sókè. "Mo mọ ọwọ́ yín. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ yìí náà ni mò ń bá lórí iṣẹ́ mi."

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọjú sí ọmọ náà. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?"

"Kì í ṣe èmi, mà. Mo rán an. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ wọn yẹn kọ́ ni mo rán."

Wọ́n forí korí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ń dé etí àwọn òbí. Olùkọ́ ìṣirò ní bàtà òsì nìkan ti tó. Oníbáàgì ní kí wọ́n jẹ́ kó tú ti ọ̀tún, kó rán an lójú wọn. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ẹni tó bá ní kò mọ̀ ọ́n, irọ́ ló pa."

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mi orí pé rárá.

"Ká ní bàbá rẹ̀ sọ òótọ́ ni, à bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀," ó ní. "Wọ́n ti purọ́ lójú wa. Ta nínú yín ló lè fọwọ́ sí i báyìí pé òun mọ ibi tí ọwọ́ bàbá parí sí àti ibi tí tọmọ ti bẹ̀rẹ̀? Bóyá bàbá náà ló gé awọ. Bóyá òun ló wọn ẹsẹ̀."

Oníbáàgì gbé bàtà náà padà sórí tábìlì.

"Kò tíì," ó ní. "Kó mú tuntun wá ní sáà tó ń bọ̀."

Wọ́n rìn lọ sílé. Ọmọ náà wà níwájú pẹ̀lú páálí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé igun òpópónà wọn, bàbá la ẹnu.

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Orí ọmọ kò wọ́, bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ lọ yí i lọ́rùn."

Nílé, ọmọ náà gbé bàtà ọ̀tún ka orí tábìlì ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ó tú ni?"

"Ó dẹ̀."

"Níbo?"

Ó fi ìka hàn án.

"Mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ ni," ọmọ náà ní. "Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ yín máa ń wú sí nírọ̀lẹ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún wọn tẹ̀ lé e." Ó ti bàtà náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ ò bèèrè."

Bàbá wá ohun tí yóò sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń fi ọ̀bẹ sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí bàtà náà, ó tún fà á padà.

Àyè ilé ẹ̀kọ́ gíga náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ṣe bàtà tuntun, ṣùgbọ́n kò ṣe é nínú ilé. Oníbàárà kan tó wá pààrọ̀ gìgísẹ̀ bàtà ló tú àṣírí, láìmọ̀ pé àṣírí ni.

"Mo rí ọmọ yín ní ṣọ́ọ̀bù oníbáàgì," ó ní. "Ó fún un ní tábìlì kan ní igun. Kò sẹ́ni tó ń yọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu."

Bàbá kan ìṣó. "Gìgísẹ̀ méjèèjì ni, àbí ọ̀kan?"

Ọjọ́ tí wọ́n tún pe ọmọ náà, ìyá nìkan ló lọ. Ó dé, ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti mọ̀ ọ́n," ó ní.

"Ẹsẹ̀ ta ló wọ̀n?"

"Tèmi."

Ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ gbé omi kaná. Ìgbà tí ó ṣe, ó sọ̀rọ̀ láti inú ilé ìdáná pé ọmọ náà ti gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníbáàgì, pé ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, títí ilé ẹ̀kọ́ gíga yóò fi tún ní àyè, bí wọn yóò bá ní. Ó ní ọmọ náà kí i.

"Ṣé òun ló ní kí o kí mi?"

Ìyàwó rẹ̀ ń da omi gbígbóná sínú ife.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá gbé bàtà tí ọmọ náà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe sọ̀kalẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Ti òsì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí awọ náà ti mọ̀ ọ́n rí. Ti ọ̀tún fún mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí ọmọ náà ti sọ. Ó bọ́ ọ. Ó gbé ọ̀bẹ, ó tú òwú ara rẹ̀ kúrò, ojú kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kò fi sí mọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ yọ ìda kúrò nínú ihò ti ọmọ náà. Ó fa òwú tuntun gùn, ó pa á ní ìda, ó fi abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ òsì. Abẹ́rẹ́ náà kò mọ ibi tí yóò gbà. Ó gbé e sílẹ̀.

Bàtà náà wà lórí pẹpẹ. Ti ọ̀tún ní ìlà ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì sí òwú nínú ọ̀kankan.