Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Sá

"Ìyá, èmi ni mo ní kó dúró."

Hajarat kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àlejò náà wí; ó ṣì ń wá ife tí yóò fi bu omi fún un. Sájẹ́ńtì Mohammed ni, ọ̀gá Bilal ọmọ rẹ̀ lójú ogun lókè Ọya. Láti Ọ̀fà Garage ló ti wọ kẹ̀kẹ́ wá sí àdúgbò Ṣàngó, tó ń bèèrè ilé wọn.

"Kó dúró níbo?"

"Nídìí ìbọn, Ìyá. Àwọn ọ̀tá ti yí wa ká. Àwa mọ́kànlá, ọkọ̀ kan ṣoṣo. Mo ní kó máa yìnbọn, kí àwa lè ráyè jáde. Ó wò mí lójú, ó ní, 'Ó dáa, sà.' Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló kú sí."

Hajarat fọwọ́ wá àga lẹ́yìn, kò bá a. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìwé tó dé síbí ní ó sá ni. Wọ́n ní ó ju ìbọn sílẹ̀, ó sá."

"Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ò gba àṣẹ kí a tó kúrò níbẹ̀. Ká ní mo kọ òótọ́ ni, wọn ì bá bi mí pé ta ló ní kí a kúrò. Ẹni tí kò lè padà wá gbèjà ara rẹ̀ ni mo di ẹ̀bi rù."

Ọdún kan àti oṣù méjì tí ìwé náà ti dé! Wọn kò ṣe fídáù fún ọmọ yìí. Àlùfáà Abdulqudus, ọkọ rẹ̀, ti ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé òun mọ́. Hajarat alára, bí aládùúgbò bá bèèrè Bilal, a máa ní ó rìnrìn àjò.

Mohammed dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣépè fún mi, Ìyá."

Ó wá èpè lẹ́nu, kò rí. "Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá la délé."

"Àlùhámúdùlílàhì," ló bọ́ lẹ́nu Hajarat kó tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù.

Ó dìde. Ó fa ìborùn bo orí.

"Dìde. Bàbá Bilal ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn ilé. Òun ni wàá kọ́kọ́ sọ fún. Lẹ́yìn náà, wàá kọ ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ."

"Bí mo bá kọ ọ́, Ìyá, ẹ̀wọ̀n ni."

"Mo mọ̀," ni Hajarat wí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkùnrin náà lè kọ́kọ́ jáde.