Àpò Ìrẹsì Leah

"Àwo amọ̀ ni, sà. Àwo lásán ni."

Ọkùnrin aṣọ́bodè tó dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà Ìlaròó wo àpò tí Leah gbé lé itan, ó wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Àwo. Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń kó àwo sínú àpò ìrẹsì òkè òkun?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú u fún yín."

Kò dúró. Ó ti irin bọ inú àpò bí àwọn aṣọ́bodè ti ń ṣe láti ìgbà tí ìjọba ti ti bodè mọ́ ìrẹsì òkè òkun, gbogbo ọkọ̀ sì gbọ́ tí nǹkan fọ́. Ó yọ irin, kò rí hóró ìrẹsì kan, ó ní kí awakọ̀ máa lọ. Kò tiẹ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀yin náà lẹ fà á," ni obìnrin tó jókòó tì í wí. "Ṣé páálí wọ́n ni?"

Leah fa àpò náà mọ́ra. Inú ń bí i sí onírin, ṣùgbọ́n ó ń bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí máa ń já nídìí. Àpò yìí ló lágbára jù nínú ilé rẹ̀ ní Àgọ́sasà. Láti ìgbà tí òjò ti dá ló ti ń mọ àwo wọ̀nyí, tó ń sun wọ́n, tó ń fojú inú rí bí oníkálukú yóò ṣe gba tirẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Ó ya ọ̀kadà sára ti Àbáyọ̀mí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ya ẹ̀rọ ìránṣọ sára ti Kẹ́misọ́lá àbúrò rẹ̀, ó sì ya àgbébọ̀ àtàwọn òròmọdìẹ sára ti ìyá wọn. Ó tọwọ́ bọ àpò wò. Ti Màmá ló fọ́ létí.

Nígbà tó dé ilé Màmá, àpò ni Àbáyọ̀mí kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó gbé e.

"Ìrẹsì dé o! Mo sọ fún yín! Ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ bodè ò lè wá lọ́wọ́ òfo!"

Kẹ́misọ́lá sáré jáde, ó gba àpò, ó ń kọrin Kérésì. Ó tú u. Orin dákẹ́.

"Àǹtí Leah, àwo ni."

"Tìẹ nìyẹn, tó ní ẹ̀rọ lára."

"Ó dáa." Ó gbé e sílẹ̀. "Ìrẹsì ńkọ́?"

Àbáyọ̀mí yí tirẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Leah, àwo òfìfo? Kí la fẹ́ bù sí i? Afẹ́fẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà sú Leah pátápátá. "Ẹ kó wọn wá! Ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà! Àwọn aládùúgbò mi mọ ohun tó dáa." Ó gba àwo lọ́wọ́ wọn, ó kó wọn padà sínú àpò, ó ta á ní kókó, ó sì jókòó tì í. Ti Màmá nìkan ni kò rí gbà, nítorí Màmá ti mú tirẹ̀ nínú àpò, ó ti gbé e wọ ilé ìdáná.

Nígbà tó ṣe, òórùn ìrẹsì Ọ̀fadà gba gbogbo ilé. Àṣé Màmá ti tọ́jú díẹ̀ pamọ́! Kẹ́misọ́lá kó àwo oníke lọ bá a, ṣùgbọ́n Màmá fi ìdí ṣíbí tì wọ́n sẹ́yìn.

"Mi ò bu oúnjẹ Kérésì sínú ike lónìí. Ẹ lọ mú àwo tí wọ́n fún yín."

Òun ti bu tirẹ̀ sínú àwo alágbébọ̀. Ó yí ibi tó fọ́ sí ògiri, ó ń jẹun lọ.

Àbáyọ̀mí rọra sún mọ́ àpò, ó wúkọ́.

"Leah, àbúrò mi. Èyí tó ní ọ̀kadà lára yẹn dà?"

"Àwo òfìfo yẹn?"

"Jọ̀ọ́, oúnjẹ ń tutù."

"Bùọ̀dá mi, ṣé wọ́n ń fún èèyàn lẹ́bùn kó má dúpẹ́ ni?"

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n òórùn Ọ̀fadà kò jẹ́. "O ṣé."

"N ò gbọ́."

"O ṣé, o kú iṣẹ́! Ọlọ́run á máa fún ẹ ṣe!"

Leah tú kókó àpò. Inú ṣì ń bí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti fẹ́ já mọ́ ọn lẹ́nu, torí Kẹ́misọ́lá ti tò sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó ti ń dúpẹ́ kó tó kàn án.