Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́ Nílé Fuatino

Ilé ọkọ mi kọjú sí ilé Fuatino, ọ̀nà tóóró kan ló là wọ́n láàárín. Ní abúlé wa ní erékùṣù Savai'i, ilé àwọn àgbà kì í ní ògiri. Òpó ló yí i ká, òrùlé wà lórí, atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí èèyàn bá ń sùn, gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ọ̀rọ̀ Merita, ìyàwó Ioelu, láti òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ́kọ́ jí láàárín wa.

Apia, ìlú ńlá tó wà ní erékùṣù kejì, ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, kò sì sẹ́ni tó ń jí i nílé yẹn. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, oòrùn á sì ti ga kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Oorun rẹ̀ wúwo. Lówùúrọ̀ tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, Fuatino, ìyá ọkọ rẹ̀, sì ti ń gbá ewé bẹ̀rẹ̀fútù kúrò lójúde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ìyàwó tuntun ṣì na gbalaja lórí ẹní.

Mo kí i láti ojúde tiwa. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń gbálẹ̀?"

"Ta ni ì bá tún bá mi gbá a?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. "A gbàlejò láti Apia. Rọra sọ̀rọ̀, Pele, kó má lọ jí."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni Merita ti jí. Ó jókòó, ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò gbé ojú rẹ̀ sí, kò sì rí.

Wọ́n fẹ́ èmi náà wá síbí ni, mo mọ òfin ilé ọkọ. Ìyàwó ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń sùn kẹ́yìn. Arábìnrin ọkọ ni ọlọ́lá ilé. Lagi, àbúrò Ioelu obìnrin, kì í fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Merita dàgbà ju Lagi lọ dáadáa, síbẹ̀ "Àǹtí Lagi" ló ń pè é.

Merita kọ́kọ́ bẹ ọkọ rẹ̀. Ní èbúté ni Ioelu ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Merita ní kó máa jí òun bí àkùkọ bá ti kọ. Ilẹ̀ tún mọ́ bá a lórí ẹní.

"Àánú ẹ ló ṣe mí," Ioelu wí. "O sùn bí ọmọdé. Mi ò lè jí ẹ."

"Àánú tó o ń ṣe mi yẹn ló ń sọ mí di ọ̀lẹ lójú ìyá ẹ."

Merita wá fi agogo sínú fóònù rẹ̀ kó lè máa jí i. Agogo dún, Lagi ló kọ́kọ́ jí. "Ìyàwó, ṣé o ti sọ ilé yìí di ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ṣé èmi náà ni wọ́n ní kó o máa jí?" Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti gbàdúrà alẹ́ tán, Fuatino á gba fóònù náà, á fi í sínú àpótí rẹ̀ di òwúrọ̀.

Merita wá bá mi nídìí kànga. "Àǹtí Pele, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n jí?"

"Mu omi yó kó o tó sùn," mo sọ fún un. "Kò sí agogo tó tó ìtọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Omi náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti ẹ̀yìnkùlé dé, á tún dùbúlẹ̀ pé kóun dijú díẹ̀, oorun á sì gbé e lọ. Mo ní kó má padà sórí ẹní mọ́, kó gbé ìgbálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, kó máa mú un bọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òwúrọ̀ mìíràn wà tí mo rí i tó fara ti igi bẹ̀rẹ̀fútù, tó sùn lórí ìdúró. Díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, kò nílò omi mọ́. Kí àkùkọ tó kọ ni màá ti gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó pásítọ̀ yìn ín lójú gbogbo obìnrin. Inú Fuatino dùn, ó sì fi oúnjẹ àárọ̀ pásítọ̀ kún iṣẹ́ rẹ̀, kó máa sè é, kó máa gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló fi àgbọn tí wọ́n ń fọ́ fún ẹlẹ́dẹ̀ kún un, lẹ́yìn náà aṣọ Lagi.

"Mo rò pé bí mo bá ti mọ̀ ọ́n jí, wọ́n á fi mí lọ́rùn sílẹ̀," ó sọ fún mi. "Àfi bíi pé iṣẹ́ náà ń ṣáájú mi jí."

Lẹ́yìn Kérésìmesì, wọ́n ránṣẹ́ pé ara ìyá àgbà rẹ̀ kò yá. Wọ́n gbà kó lọ sí Apia. Ó ṣojú mi nígbà tó ń di ẹrù. Ó ní, "Àǹtí Pele, mo fẹ́ lọ sùn." Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Ilé pákó ni ilé ìyá àgbà, ó ní ògiri, ó ní ilẹ̀kùn. Merita dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tó ti ń sùn láti kékeré. Ojú rẹ̀ là nígbà tí òkùnkùn ṣì bolẹ̀. Ó fipá di í. Ó ń fetí sílẹ̀ bíi pé ẹnì kan fẹ́ pè é. Ó yíjú sógiri, síbẹ̀ ó ń ṣe é bíi pé àwọn èèyàn ń wò ó. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó dìde, ó wá ìgbálẹ̀.

Ìyá àgbà pè é láti inú ilé. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kí lò ń ṣe lójúde láfẹ̀mọ́júmọ́?"

"Mò ń gbálẹ̀."

"Wọ́n gbá a lánàá. Wá sùn."

"Oorun ò wá mọ́, Màmá."

Ìyá arúgbó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, ó yọjú wò ó. Ó wá ní, "Wọ́n ti gba oorun lọ́wọ́ ọmọ mi." Merita ní ibẹ̀ lòun ti sunkún, nítorí òun rò pé Savai'i lòun fi nǹkan náà sí, àṣé ó bá òun wọkọ̀.

Nígbà tí ara ìyá àgbà mókun, Ioelu wá mú un. Ó ní ìyá òun ń gbálẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ti wú.

"Lagi ńkọ́?"

"O mọ̀ pé mi ò lè rán Lagi níṣẹ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Kí gbogbo abúlé lè máa fi mí ṣẹ̀sín?"

"Jẹ́ ká dúró síbí nígbà náà."

"Ta ló fún wa nílẹ̀ ní Apia? Ibo la fẹ́ gbin kókò sí?"

Merita di ẹrù rẹ̀. Ó bá a padà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, n kò gbọ́ ìgbálẹ̀. Mo jáde. Merita dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òrùlé. Ilẹ̀ ń mọ́, àwọn èèyàn ń kọjá. Fuatino dúró tì í.

"Merita."

"Màmá."

"O ti jí."

"Mo ti jí, Màmá."

"Àbí ara ẹ ò yá?"

"Ara mi yá. Mo kàn dùbúlẹ̀ ni."

Fuatino yíjú sí ojúde. Ó wọ́ ẹsẹ̀ jáde, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Merita sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí ìjíkùtù kankan tó le tó àìdìde yẹn. Ó di etí ẹní mú, ó ń ṣe é bíi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ ha. Èmi náà tí mo dúró lójúde, díẹ̀ ló kù kí n ké sí i pé kó dìde.

Ioelu ló dìde. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Àwọn èèyàn ń wò ẹ́," Fuatino wí.

"Ẹ jókòó, Màmá."

Ọkùnrin kan tó ń ti ìdí ẹja pípa bọ̀ dúró. "Ioelu, ta ló fẹ́ ẹ sílé yìí?"

Ioelu tẹra mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, ewé ń fò padà bá a. Lagi jí, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó sì fọwọ́ bojú. Ó dìde, ó lọ dáná oúnjẹ pásítọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Lagi ló ń gbé oúnjẹ pásítọ̀ lọ. Ìyẹn nìkan ló yí padà. Ioelu kò mú ìgbálẹ̀ mọ́. Fuatino bá Merita yan odì fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì dárúkọ òwúrọ̀ yẹn rí. Ojúde ṣì jẹ́ ti Merita.

Mo ṣì máa ń jáde nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Màá rí i lórí ẹní, á ti jí, kò ní mira, títí ojú ọ̀run á fi fẹ́ẹ́ là, kó tó wá dìde. Lọ́jọ́ kan, mo bi í léèrè ohun tó máa ń rò nígbà tó bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mi ò ro nǹkan kan," ó wí. "Mò ń gbìyànjú àtisùn ni."