Ìdúró Ràsákì

Ó ti rẹ Ràsákì dé mùdùnmúdùn. Láti ìdájí ló ti wà nídìí ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù tó ń gbọ̀n rìrì lọ́nà Ọ̀rà, nígbà tó sì rẹ̀ ẹ́ tán, ó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti irin ẹ̀rọ náà, lókè gìgísẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ṣe ń sinmi n'Ìlá. Ta ni yóò gbé àga fún wọn?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ipò làdánì ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bàbá rẹ̀ pe ìrun fún ogún ọdún ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, àwọn àgbà sì ti ní òun ló kàn. Ó wù ú dọ́kàn. Àfi bó ṣe di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tó ti ibi iṣẹ́ dé sáàfù, ìlà àwọn tó ń kírun, tó di ojú bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe, tí ara sọ fún un pé ó ń ṣubú síwájú. Ó fà sẹ́yìn, ló bá wó lu àwọn èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kejì tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí i rèé. Kí wọ́n tó kírun tán, wọ́n ti ní ọtí ló mu, Ràsákì tí kò fẹnu kan ẹmu rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Àlùfáà Kọ́lájọ, lèmọ́mù wọn, wá bá a níbi iṣẹ́.

"Ràsákì, àwọn àgbà ní Àbídèmí ni kó máa pe ìrun."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ṣùgbọ́n kò lágbára àròyé. "Ẹ ṣeun, Àlùfáà. Ẹ jẹ́ n parí ti orí ẹ̀rọ yìí."

Lèmọ́mù tó fẹsẹ̀ rìn wá náà fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti irin ẹ̀rọ, ó ń dúró dè é. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ, ó bọ́ sí gbangba, ó tẹ́wọ́, ó di ojú kó lè ṣàdúà fún un. Ló bá fà sẹ́yìn gbì. Ràsákì ló gbá a mú.

"Ta ló tì mí?"

"Kò sẹ́ni tó tì yín, Àlùfáà."

"Mo rò pé mò ń dojú bolẹ̀ ni."

"Bó ṣe ń ṣèmi náà nìyẹn."

Bàbá náà jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ. "Ṣé èmi náà ti mutí ni?" Ó fọwọ́ kan irin ẹ̀rọ náà. "Gbígbọ̀n ẹ̀rọ yìí ló ń parọ́ fún ẹsẹ̀ pé à ń ṣubú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Má dijú mọ́. Èmi ni n óò bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Àsárì ti tó, pe ìrun."

Ràsákì kọjú sí gábàsì, ó tẹjú mọ́ òkìtì búlọ́ọ̀kù, ó pè é. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, ohùn náà sì jọ ti bàbá rẹ̀.